Nkrakra, ọbẹ̀ tí Accra fi ń tọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ ń yá bọ̀

Bí ibà bá dá ènìyàn dùbúlẹ̀ ní Accra, tí ara rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀, tí ó sì ti lè jókòó fúnra rẹ̀ lórí ibùsùn, oúnjẹ tí àwọn ará ilé sábà máa ń kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀ ni ọbẹ̀ pupa kan tí ó ṣàn bí omi, tí atalẹ̀ inú rẹ̀ ti ń ta sí imú kí wọ́n tó ṣí ìdérí ìkòkò. Àwọn Akan ń pè é ní nkrakra. Light soup ni orúkọ tí gbogbo Ghana fi mọ̀ ọ́n lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó wà ní ilé olówó àti ilé tálákà, ó wà ní ilé oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì wà nínú kúlà tí àwọn ìyá ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn.

Kì í ṣe oúnjẹ aláìsàn nìkan. Ọbẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n fi ń jẹ fufu ní ọjọ́ ìgbádùn, pàápàá èyí tí wọ́n fi ẹran ewúrẹ́ sè, tí wọ́n ń pè ní aponkye nkrakra. Ohun tí ó mú kí ó bá ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ àìsàn lára mu ni pé wọn kì í da epo sí i, kò wúwo nínú, ó sì rọrùn láti mu nígbà tí ẹnu ṣì korò tí òórùn oúnjẹ mìíràn ń rínni lára.

Ọbẹ̀ náà kì í ṣe àjèjì sí àwọn Yorùbá. Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Accra New Town lónìí, Lagos Town ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ìjọba Kofi Busia tó pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Ghana, àwọn oníṣòwò tí wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà àti Ṣakí wá pọ̀ káàkiri ọjà ilẹ̀ náà. Ẹni tí ó bá dàgbà sí irú ilé bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé nkrakra fún un.

Báwo ni wọ́n ṣe ń sè é?

Ẹran ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé kaná. Ó lè jẹ́ adìẹ, ó lè jẹ́ ewúrẹ́, ó sì lè jẹ́ ẹja tútù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹja kì í pẹ́ lórí iná ní tirẹ̀. Wọn a gé àlùbọ́sà, wọn a gún atalẹ̀ àti ááyù, wọn a fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, wọn a pò ó mọ́ ẹran, wọn a sì dé e lórí iná kékeré láì tíì bu omi púpọ̀ sí i. Omi ara ẹran fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sè é. Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn tí ojú ń kán máa ń fò, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ gan-an ni adùn ọbẹ̀ ti ń wá.

Lẹ́yìn náà ni wọn yóò to tòmátì, ata, odidi àlùbọ́sà kan àti ikàn, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìgbá, lé ẹran náà lórí láì gé wọn, wọn yóò bu omi díẹ̀ sí i, kí wọ́n lè rọ̀. Nígbà tí wọ́n bá rọ̀ tán, wọn a kó wọn jáde, wọn a sì lọ̀ wọ́n nínú asanka. Abọ́ amọ̀ ni asanka, inú rẹ̀ ní ìlà wínníwínní tí ó mú bí eyín, ọmọ odó onígi kékeré ni wọ́n sì fi ń lọ nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọta ti gba iṣẹ́ yìí ní ọ̀pọ̀ ilé, ṣùgbọ́n asanka kò tíì kúrò ní ọjà Makola. Wọn a wá fi asẹ́ sẹ́ èyí tí wọ́n lọ̀ padà sínú ìkòkò, kí èèpo àti èso tòmátì má baà bọ́ sí i. Ikàn tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọn ni ó ń mú kí ọbẹ̀ náà ki díẹ̀, kí ó má baà dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ata lásán.

Omi ni ó kù. Wọn a bu ú sí i, wọn a sì jẹ́ kí ó hó títí tí òórùn tútù tòmátì yóò fi lọ, tí ìfófòó ojú rẹ̀ yóò fi mọ́, tí ọ̀rá ẹran yóò sì léfòó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Adìẹ agric kì í gba àkókò. Àgbébọ̀ adìẹ lè lò ju wákàtí kan lọ, omi rẹ̀ sì máa ń dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn èròjà kan wà tí wọ́n ń fi kún un nítorí aláìsàn. Prekese, èso gígùn dúdú onígun mẹ́rin tí òórùn rẹ̀ dùn, ni àwọn Yorùbá mọ̀ sí àìdan. Orí àtẹ àwọn lékuléjà ni a ti sábà máa ń rí i nílẹ̀ wa, nígbà tí ó jẹ́ pé inú ìkòkò ọbẹ̀ ni àwọn ará Ghana ń sọ ọ́ sí, tí wọn a sì yọ ọ́ nígbà tí òórùn rẹ̀ bá ti jáde tán. Hwentia ni èèrù. Èyí tí wọ́n ń pè ní kwahu nsusua jẹ́ èso wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tí ó jọ ikàn kéékèèké, ó sì korò díẹ̀. Àwọn ènìyàn gbàgbọ́ pé ó ń fún ara ní ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì máa ń lọ̀ ọ́ mọ́ ọbẹ̀ aboyún àti ti ẹni tí ibà ti fà lẹ́jẹ̀. Ẹni tí dókítà bá sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó kò gbọdọ̀ torí èyí dá oògùn tí wọ́n kọ fún un dúró.

Kí ni ó ń ṣe nínú ara?

Ohun àkọ́kọ́ kò ṣòro láti lóye. Ibà ń mú ènìyàn làágùn, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ń fa omi kúrò lára, iyọ̀ sì ń bá omi náà lọ. Ẹni tí ó kọ omi lásán tí ó gba ọbẹ̀ gbígbóná ti gba omi àti iyọ̀ díẹ̀ padà.

Ooru rẹ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ọdún 1978, àwọn oníṣègùn kan ní Miami Beach, Amẹ́ríkà, fún àwọn 15 tí ara wọn dá ní omi tútù, omi gbígbóná àti omi ọbẹ̀ adìẹ, wọ́n sì wọn bí ikun ṣe ń rìn nínú imú wọn. Ọbẹ̀ adìẹ àti omi gbígbóná mú un yára, omi tútù fà á sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí ìdajì wákàtí tó pé, àǹfààní náà ti parẹ́. Ní ọdún 2000, Stephen Rennard ní yunifásítì Nebraska gbé ọbẹ̀ adìẹ tí ìdílé ìyàwó rẹ̀ ń sè lọ sí yàrá àyẹ̀wò, ó sì rí i pé ó dín ìrìn àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ kù, àwọn tí ìgìrì wọn máa ń dá kún imú dídí àti ọ̀fun dídùn. Inú ìgò àyẹ̀wò ni ó ti rí èyí, kì í ṣe lára aláìsàn. Kò sì sí èyí tí wọ́n fi nkrakra ṣe nínú méjèèjì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ọbẹ̀ yìí ń mú ibà lọ ti sọ ju ohun tí ó wà nílẹ̀ lọ. Ó ń ran ara lọ́wọ́ láti fara dà á; oògùn ni ó ń pa kòkòrò ibà.

Ọ̀rọ̀ oògùn ibà náà tilẹ̀ kan ọbẹ̀ yìí ní tààrà. Artemether-lumefantrine, ọ̀kan lára àwọn oògùn ibà tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ní Ghana àti Nàìjíríà, kì í wọ ara dáadáa bí ènìyàn bá lò ó láì jẹ ohun tí ó ní ọ̀rá díẹ̀. Ẹni tí ó ń lò ó tí ó sì ń mu kìkì omi ọbẹ̀ tí kò lọ́ràá lè má rí agbára oògùn náà gbà tán. Mílíìkì díẹ̀, tàbí adìẹ inú ọbẹ̀ náà pẹ̀lú awọ rẹ̀, ti tó.

Ẹran ni kí ó jẹ, kì í ṣe omi nìkan

Ní ọ̀pọ̀ ilé, omi ọbẹ̀ ni wọ́n ń bù fún aláìsàn àti ọmọdé, ẹran a sì bọ́ sí abọ́ àwọn tí ara wọn le. Wọ́n gbà pé gbogbo agbára ẹran ti wọ inú omi rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Adùn, iyọ̀ àti ọ̀rá díẹ̀ ni ó ń wọ inú omi. Èròjà amáradàgbà, tí àwọn elétò ìlera ń pè ní purotéènì, púpọ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú ẹran. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan ara ẹni tí ó dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ti jó, purotéènì yìí gan-an ni yóò sì fi tún un kọ́.

Ìlú Accra ní ìtàn lórí èyí. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé tí wọ́n sọ ní Princess Marie Louise wà níbẹ̀ láti ọdún 1926, ibẹ̀ ni dókítà Cicely Williams, tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, ti ṣiṣẹ́. Ó rí àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn ń bó, ó sì ṣàkíyèsí pé ẹ̀kọ àgbàdo ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ láti ìgbà tí wọ́n ti gba ọmú lẹ́nu wọn. Ní ọdún 1933 ó kọ ìròyìn nípa rẹ̀. Nígbà tí ó di 1935, nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet, ó lo orúkọ tí àwọn ìyá Ga ń pè é: kwashiorkor, àìsàn tí ń mú ọmọ nígbà tí wọ́n bá bí àbúrò lé e. Orúkọ Ga náà ni gbogbo ayé ń lò títí dòní. Àwọn onímọ̀ ti mọ̀ báyìí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ díjú ju àìtó purotéènì nìkan lọ. Síbẹ̀, ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìnarùn-ún tàbí ìgbẹ́ gbuuru, tí wọ́n wá ń fi omi ọbẹ̀ àti ẹ̀kọ lásán tọ́jú, wà nínú ewu tí dókítà náà rí.

Bí ẹnu aláìsàn kò bá lè jẹ ẹran, ẹ ya á wẹ́wẹ́ kí ẹ gún un padà sínú ọbẹ̀. Wọ́n lè po ẹyin kí wọ́n dà á sí i bí ó ṣe ń hó, tàbí kí wọ́n yọ egungun ẹja kúrò kí wọ́n fi ọwọ́ fọ́ ọ. Àwọn mìíràn ń se iṣu nínú rẹ̀ títí yóò fi rọ̀ bí àsáró tó ṣàn; mpotompoto ni wọ́n ń pe irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Ìkókó tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò nílò ọbẹ̀ kankan, ọmú ìyá rẹ̀ ni.

Àwọn tí ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra

Iyọ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ tí ó pọ̀ jù nínú nkrakra ìgboro. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 iyọ̀ lóòjọ́, èyí tí kò ju ṣíbí tíì kan lọ, màgí sì ń bẹ nínú ìṣirò yẹn nítorí pé iyọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè fi atalẹ̀, ááyù àti prekese rọ́pò púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa ní láti béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ó tó máa mu ọbẹ̀ tòmátì lójoojúmọ́, nítorí pòtásíọ̀mù inú rẹ̀. Ata náà kò yẹ kí ó pọ̀ fún ẹni tí inú ń run.

Fún ìgbẹ́ gbuuru líle, ọbẹ̀ kò lè rọ́pò omi ORS. Ní ọdún 2014, nígbà tí onígbáméjì mú ènìyàn tí ó ju 28,000 lọ ní Ghana, tí púpọ̀ wọn wà ní Accra àti agbègbè rẹ̀, ó pa èyí tí ó ju 200. Bí ORS kò bá sí nítòsí, ṣíbí tíì 6 ṣúgà tí ó tẹ́jú àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ nínú lítà kan omi mímọ́ ni kí aláìsàn máa mu bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìkòkò ńlá tí wọ́n sè ní òwúrọ̀ fún gbogbo ọjọ́ náà ní ewu tirẹ̀. Kò yẹ kí ọbẹ̀ tí a sè tán wà níta ju wákàtí méjì lọ. Àwọn ará Accra, tí wọ́n ti fojú rí iná tí ń lọ tí ń bọ̀, èyí tí wọ́n sọ ní dumsor, mọ̀ pé fìríìjì kì í ṣe ohun tí a lè fọkàn tán pátápátá. Ẹ sè é níwọ̀nba, ẹ máa gbé e hó dáadáa kí ẹ tó tún bù ú, kí ẹ sì rí i pé ó ń hó lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń dà á sínú kúlà tí ẹ fẹ́ gbé lọ fún aláìsàn.

Bí ọjọ́ ṣe ń lọ, ohun tí ó ń tẹ̀lé ọbẹ̀ náà ń yí padà: omi rẹ̀ pẹ̀lú ẹran gígún ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà iṣu rírọ̀ tàbí ìrẹsì díẹ̀. Fufu ni ó máa ń kẹ́yìn, nítorí ó wúwo. Ọjọ́ tí aláìsàn bá fúnra rẹ̀ béèrè pé ta ni yóò gún fufu lónìí, inú àwọn ará ilé a dùn, wọn a sì wá odó.