Físà ìgbà pípẹ́ sí Ìlú Ọba: Ìwé tí ará Ìbàdàn yóò tò kó tó wọkọ̀ Èkó

Ní àsìkò tí a wà yìí, ṣàṣà ni agboolé kan ní Bódìjà, Agbowó, Dùgbẹ̀, Ring Road tàbí Challenge tí ọ̀rọ̀ "jápa" kò tíì wọ̀. Àwọn kan ń lọ kàwé, àwọn kan ń lọ ṣiṣẹ́, àwọn mìíràn ń lọ bá ọkọ tàbí aya wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbà pé owó ni físà, pé ẹni tí owó rẹ̀ bá ti pé ti dé Ìlú Ọba tán. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń yẹ ìwé wò lọ́hùn-ún kò mọ ìyá ẹni, kò sì mọ bàbá ẹni; ìwé nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀. Bí ìwé kan bá wí pé báyìí ni, tí èkejì wí pé báyìí kọ́, irọ́ ni yóò kà á sí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nítorí náà ni a ṣe to àlàyé yìí lẹ́sẹẹsẹ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Bí ọ̀nà náà ṣe di híhá

Kó tó di ọdún 1962, ọmọ Nàìjíríà lè wọ Ìlú Ọba, kó sì máa gbé níbẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí ẹ̀tọ́ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ Commonwealth ní nìyẹn. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1962 ló kọ́kọ́ dí ọ̀nà náà kù. Nígbà tó di 1986, ìjọba Margaret Thatcher kéde pé àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gánà, Íńdíà, Pakistan àti Bangladesh gbọ́dọ̀ gba físà kí wọ́n tó kúrò nílé. Láti ìgbà náà, òfin ń yí padà lọ́dọọdún. Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ṣe ní 2022 tó fi wọlé lè máà wúlò fún yín lónìí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tí ẹ ń wá

Físà àbẹ̀wò kì í ṣe físà ìgbé. Oṣù mẹ́fà ni ó sábà máa ń fún ènìyàn, ẹni tó bá sì fi í wọlé kò lè sọ ọ́ di ti iṣẹ́ tàbí ti ẹ̀kọ́ nígbà tó bá débẹ̀. Mẹ́ta ni àwọn ará wa sábà ń tọrọ fún ìgbà pípẹ́.

Èkíní ni ti akẹ́kọ̀ọ́. Yunifásítì tó gba ènìyàn ni yóò fún un ní nọ́ńbà ìgbàwọlé tí wọ́n ń pè ní CAS. Láti Oṣù Kìíní 2024, ọ̀pọ̀ jù lọ akẹ́kọ̀ọ́ kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́, àfi àwọn tó ń lọ ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ bíi PhD, àti àwọn tí ìjọba ń san owó ẹ̀kọ́ wọn.

Èkejì ni ti òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ ìjọba Ìlú Ọba ni yóò fún un ní ìwé ìgbọ̀wọ́. Láti ọjọ́ 22 Oṣù Keje 2025, iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó tó ipele ìwé ẹ̀rí yunifásítì, owó oṣù rẹ̀ lọ́dún kan sì gbọ́dọ̀ tó £41,700 tàbí iye tí wọ́n ń san fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èyí tó bá pọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn iṣẹ́ kan, bíi ti nọ́ọ̀sì, ní òṣùwọ̀n tiwọn. Láti ọjọ́ 8 Oṣù Kìíní 2026 ni wọ́n tún ti gbé ìpele èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tọrọ físà yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ sókè.

Ẹ̀kẹta ni ti ọkọ tàbí aya. Láti ọjọ́ 11 Oṣù Kẹrin 2024, owó tó gbọ́dọ̀ máa wọlé lọ́dún fún ẹni tó wà lọ́hùn-ún kúrò ní £18,600, ó di £29,000.

Orúkọ àti ọjọ́ ìbí

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fẹsẹ̀ kọ nìyí. Obìnrin kan lè jẹ́ Rasheedat nínú ìwé WAEC, kó jẹ́ Rashidat nínú ìwé ìrìnnà, kó sì jẹ́ orúkọ ọkọ ni NIN rẹ̀ ń jẹ́. Lójú tiwa, ẹnì kan náà ni. Lójú ẹni tí ń yẹ ìwé wò, ènìyàn mẹ́ta ni. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ tẹ́ gbogbo ìwé yín sórí tábìlì kan, kí ẹ fi ọ̀kan wé èkejì, lẹ́tà sí lẹ́tà, ọjọ́ sí ọjọ́.

Bí ìyàtọ̀ bá wà, ìwé ìbúra kóòtù ni ìbẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ilé-ẹjọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà ní Ring Road. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìkéde àyípadà orúkọ nínú ìwé ìròyìn. Ẹ tún NIN ṣe ṣáájú ìwé ìrìnnà, nítorí orí àkọsílẹ̀ NIN ni ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà tó wà ní Àgódi yóò wò. Àtúnṣe lẹ́yìn náà kì í ṣe owó kékeré: láti ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹsàn-án 2025, ìwé ìrìnnà olójú-ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún di ₦100,000, olójú-ewé 64 tó ń lo ọdún mẹ́wàá sì di ₦200,000.

Ní ti ìbí, káàdì tí wọ́n fún ìyá yín ní ilé ìgbẹ̀bí Adéọ̀yọ́ ní Yemẹ́tù kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ìbí. Òfin ọdún 1992 ló gbé iṣẹ́ kíkọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ lé àjọ ìkànìyàn, NPC, lọ́wọ́. Àgbàlagbà tí kò ní in lè gba ìwé ìjẹ́rìí ọjọ́ ìbí lọ́dọ̀ àjọ náà. Ọmọdé tó fẹ́ bá òbí rẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìbí tí orúkọ bàbá àti ìyá wà nínú rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tó ṣe ìdána tàbí nikáà nìkan gbọ́dọ̀ rí i pé ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀. Àwòrán ìnáwó nìkan kò tó láti fi hàn pé ìyàwó tàbí ọkọ ẹni ni.

Owó báńkì

Àwọn báńkì tó wà ní Dùgbẹ̀ àti Bódìjà mọ ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wá gba àkọsílẹ̀ owó. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní owó ilé-ìwé ọdún kìíní tó kù láti san àti owó oúnjẹ òun ilé. Láti ọjọ́ 11 Oṣù Kọkànlá 2025, owó oúnjẹ òun ilé náà jẹ́ £1,529 lóṣù fún ẹni tí yóò kàwé ní London, £1,171 fún ẹni tí yóò wà níbòmíràn, fún oṣù mẹ́sàn-án. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £13,761 tàbí £10,539.

Owó náà gbọ́dọ̀ wà nínú àpò báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko láìdín. Bó bá dín ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ìkà náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ tí àkọsílẹ̀ náà parí kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ sí ọjọ́ tí ẹ tọrọ físà.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bàbá ni àbúrò bàbá ń jẹ́, òun náà ló sì lè rán ọmọ níwèé. Òfin Ìlú Ọba kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àpò báńkì akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, ti bàbá tàbí ìyá tó bí i, ti alágbàtọ́ tí òfin mọ̀, tàbí ti ọkọ tàbí aya rẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Bí àbúrò bàbá bá fẹ́ ṣèrànwọ́, kó san owó náà sínú àpò báńkì ọmọ, kó fún un ní lẹ́tà tó ṣàlàyé ibi tí owó ti wá, kí owó náà sì lo ọjọ́ 28 rẹ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ owó òbí ni, ìwé ẹ̀rí ìbí àti lẹ́tà ìyọ̀ǹda òbí yóò bá a rìn. Orúkọ bàbá nínú ìwé ẹ̀rí ìbí sì gbọ́dọ̀ bá orúkọ tó wà ní báńkì mu. Owó tí wọ́n yá wá gbé kalẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ máa ń dá ìbéèrè sílẹ̀, nítorí ẹni tí ń wò ó yóò fi í wé iye tí ń wọlé tẹ́lẹ̀.

Àyẹ̀wò ara àti ọjọ́ Èkó

Ẹni tí yóò lò ju oṣù mẹ́fà lọ gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife ní ilé ìwòsàn tí ìjọba Ìlú Ọba fọwọ́ sí, ní Èkó tàbí Abuja. Ìwé ẹ̀rí tó bá wá láti ibòmíràn kò wúlò. Oṣù mẹ́fà ni ìwé náà ń lò. Bí àwòrán àyà kò bá mọ́ kedere, wọn yóò gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀, èsì rẹ̀ sì lè gbà tó oṣù méjì. Ẹ má ṣe fi í dúró dé ìparí.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó ti kọ fọ́ọ̀mù, tí ẹ ó sì san owó. Yàtọ̀ sí owó físà, owó ìlera tún wà: láti Oṣù Kejì 2024, ó jẹ́ £1,035 fún àgbàlagbà lọ́dún kan, £776 fún akẹ́kọ̀ọ́ àti ọmọdé. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó lọ fi ìka tẹ ẹ̀rọ, tí wọn yóò sì ya àwòrán yín. Èkó ni ará Ìbàdàn sábà máa ń lọ, yálà nínú ọkọ̀ láti Challenge tàbí nínú rélùwéè tó ti ń ná Mọníyà sí Èkó láti 2021. Bó bá jẹ́ àárọ̀ ni wọ́n dá fún yín, ó sàn kí ẹ sùn sí Èkó mọ́jú.

Láti ọjọ́ 15 Oṣù Keje 2025, wọn kì í lẹ físà mọ́ ìwé ìrìnnà ọ̀pọ̀ jù lọ akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ mọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹni tó ń bá yín tẹ fọ́ọ̀mù ní Agbowó lo ímeèlì tirẹ̀. Ẹni tó ni ímeèlì ló ni kọ́kọ́rọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn alágbàtà

Láàrin 2022 sí 2024, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ta ilẹ̀, wọ́n ta ọkọ̀, wọ́n fi owó ra ìwé ìgbọ̀wọ́ fún iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Nígbà tí àwọn kan débẹ̀, kò sí iṣẹ́. Nígbà tí ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó mú wọn lọ, ọjọ́ 60 péré ni wọ́n sábà fún wọn láti wá agbanisíṣẹ́ mìíràn tàbí kí wọ́n padà sílé.

Ẹ jẹ́ kó yé yín: láti ọjọ́ 22 Oṣù Keje 2025 ni wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn iṣẹ́ ìtọ́jú yìí mọ́ àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀. Ẹni tó bá ń ta ìwé rẹ̀ fún yín ní Ìbàdàn lónìí, afẹ́fẹ́ ló ń tà. Fún iṣẹ́ tó kù, agbanisíṣẹ́ ló ń san owó ìwé ìgbọ̀wọ́ fún ìjọba, £525 ní Oṣù Kẹrin 2025, láti òpin 2024 sì ni wọ́n ti kà á léèwọ̀ fún un láti gba owó náà padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́. Orúkọ gbogbo agbanisíṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba Ìlú Ọba lọ́fẹ̀ẹ́; ẹ wá a níbẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹni tí wọ́n bá lù ní jìbìtì lè mú ẹjọ́ lọ sí ọ́fíìsì EFCC tó wà ní Ìyágànkú.

Bí wọ́n bá sì ká ìwé èké mọ́ ènìyàn lọ́wọ́, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n lè fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, ì báà jẹ́ pé alágbàtà ló fi ìwé náà síbẹ̀. Ẹ ka gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ lórúkọ yín.

Bí wọ́n bá kọ̀

Kíkọ̀ kì í ṣe òpin ayé. Wọn yóò kọ ìdí rẹ̀ sínú lẹ́tà. Fún físà ẹ̀kọ́ àti ti iṣẹ́, ẹ ní ọjọ́ 28 láti ní kí wọ́n tún un wò bí ẹ bá rí i pé àwọn ni wọ́n ṣe àṣìṣe. Bó bá jẹ́ pé ìwé yín ló kù díẹ̀ káàtó, ó sàn kí ẹ tún un ṣe kí ẹ sì tọrọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọn yóò dá owó ìlera padà, wọn kì í dá owó físà padà. Nígbà mìíràn tí wọ́n bá béèrè bóyá wọ́n ti kọ̀ fún yín rí, ẹ sọ òótọ́.

Kí ẹni tó ń rò pé òun yóò tètè di onílé lọ́hùn-ún sì rántí pé ọdún márùn-ún ni òṣìṣẹ́ ti ń lò kó tó tọrọ àṣẹ ìgbé títí láé. Ní Oṣù Karùn-ún 2025, ìjọba Ìlú Ọba gbé àbá jáde pé kó di mẹ́wàá fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nítorí náà, kí ẹ tó ta ilẹ̀ bàbá yín, ẹ ka òfin tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ tọrọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n sọ fún yín lọ́dún tó kọjá. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.