Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Tòkunbọ̀ Lórúkọ

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan ní àdúgbò wa ní Ẹ̀gbẹ́dá wá bá mi ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó sì yọ fóònù rẹ̀ síta. “Prof, ẹ bá mi wo nǹkan kan, sà.” Àwòrán mọ́tò ni, Subaru Impreza aláwọ̀ búlúù tó wà ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti jẹ́ kó lọ sílẹ̀ débi pé ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan títì. Sàlẹ́ńsà rẹ̀ tóbi bí ẹnu ìkòkò, gíláàsì rẹ̀ dúdú bí aró. Ẹni tó ń tà á ti yọ ẹ́ńjìnnì tó bá a dé, ó sì ti fi èyí tó lágbára jù ú lọ sí i. Sítíárìn rẹ̀ wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Ọmọ náà ní ẹ̀gbọ́n òun tó wà lọ́hùn-ún ti san àsansílẹ̀, ìyá òun sì ti yá owó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi kún un. Ó ní, “Wọ́n á bá mi yí sítíárìn ẹ̀ níbí, sà. Ṣé ìṣòro kankan wà nínú gbígba nọ́ńbà ni?”

Mi ò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ìbéèrè kékeré ni, ṣùgbọ́n ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gùn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ló bẹ̀rẹ̀ títún mọ́tò òyìnbó ṣe. Irọ́ ni. Kí ogun àgbáyé kejì tó dé rárá, Èkó ti ní ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí tó ń ta mọ́tò tó sì ń tún un ṣe, W. A. Dawodu ni orúkọ rẹ̀ yọ jù nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni bọ́lẹ̀kájà gba ojú ọ̀nà kan. Ohun tó ń ti òkun bọ̀ nígbà náà kì í ṣe odidi ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì, táyà, sítíárìn àti férémù irin ni, ti Bedford tàbí Austin. Káfíńtà tiwa ló ń kan pákó sí i lára, tó ń to bẹ́ǹṣì sínú rẹ̀. Àwọn ayàwòrán á wá kọ òwe àti àdúrà sí iwájú orí rẹ̀. Mọ́lúẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni: férémù Mercedes 911 ni, àwọn panẹbítà wa ló fi irin pẹlẹbẹ kọ́ ilé lé e lórí. Dánfó àtijọ́, bọ́ọ̀sì Volkswagen ni, wọ́n tú inú rẹ̀ palẹ̀ kí èrò lè pọ̀ sí i. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní títún ọkọ̀ ṣe kì í ṣe àṣà wa, ẹ ní kó lọ bi ìyá ìyá ẹ̀ léèrè ohun tó ń gbé e lọ sọ́jà.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Káfíńtà bọ́lẹ̀kájà kì í fọwọ́ kan sítíárìn, kì í fọwọ́ kan bíréèkì. Ara ọkọ̀ ló ń kọ́. Ó fi ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ bí àwọn tó rọ ọ́ ṣe rọ ọ́. Ìgbà tó di dandan fún wa láti máa fọwọ́ kan ọkàn ọkọ̀, mo lè dárúkọ ọjọ́ rẹ̀ fún yín: ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972.

Ọjọ́ Àjíǹde ni. Títí di ọjọ́ náà, ọwọ́ òsì là ń gbà ní Nàìjíríà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn aládùúgbò wa: Dahomey, tí à ń pè ní Benin lónìí, Niger, Chad àti Cameroon, ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn ń gbà. Ibi yòówù kí ọkọ̀ gbà jáde ní ilẹ̀ wa lórí ilẹ̀, ó ní láti ṣí kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí èkejì. Gambia ti yí padà ní 1965, Sierra Leone ní 1971; Ghana tẹ̀lé wa ní 1974. Ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon ló ṣe tiwa, oṣù mẹ́sàn-án kí owó wa tó kúrò ní pọ́n-ùn di náírà.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé èmi náà ti jẹ́ ọmọkùnrin yẹn rí. Ní 1971, nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo ra Ford Capri àlòkù kan lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan tó fẹ́ràn eré àsápajúdé. Ó ti yọ ẹ́ńjìnnì kékeré inú rẹ̀, ó ti fi ńlá sí i. Èmi náà wo ilé kí n tó rà á o: ilé ń gba ọwọ́ òsì, sítíárìn wà ní ọ̀tún, ó bára mu rẹ́gí. Ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi fi máa gbé e dé Àpápá ní ìparí 1972, ilé ti yípo.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tó wà lára irin kò bá èyí tó wà nínú ìwé mu, torí ẹni tó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì kò lọ fi tó ìjọba wọn létí. Òṣìṣẹ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò bi mí pé, “Ọ̀gá, èwo ni ká gbà gbọ́, ìwé ni àbí irin?” Inú bí mi sí i. Lónìí mo mọ̀ pé ìbéèrè tó dáa jù tí ẹnikẹ́ni bi mí nípa mọ́tò yẹn nìyẹn. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà la kọ sí òyìnbó yẹn kí wọ́n tó fún mi ní nọ́ńbà.

Ìṣòro kejì burú jù ú lọ. Ẹ fojú inú wò ó: ẹ wà lẹ́yìn lọ́rì kan lórí ọ̀nà tóóró, ẹ̀gbẹ́ igbó ni ẹ sì jókòó sí. Ẹ ò lè rí ohun tó ń bọ̀ níwájú àfi tí ìdajì mọ́tò yín bá ti yọ sí ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀. Ìyàwó mi tó ń jókòó ní òsì ló di ojú mi. Á ní, “Ó yá, máa lọ!” tàbí, “Rárá, dúró, dúró!” Bí oorun bá gbé e lọ, a ò lè kọjá lára ẹnikẹ́ni nìyẹn.

Ní 1974, mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì kan kí wọ́n yí i. Wọ́n gé dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n lu ihò tuntun sí irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀, wọ́n gbé bíréèkì lọ sí òsì. Ọ̀pá sítíárìn kò gùn tó, ni wọ́n bá jó irin méjì pọ̀. Lójú, ó dára. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ń lọ kí àǹtí wa ní Ìgàndó, nígbà tí oko ṣì pọ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ. Ní kọ́nà kan tí a ti kọjá Ìdímù, ibi tí wọ́n jó yẹn já. Mo yí sítíárìn, ó ń yí lọ́wọ́ mi bí ọmọrí ìkòkò, táyà kò sì yà. Inú kòtò la bá ara wa. Ẹsẹ̀ àbúrò mi ṣẹ́. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, ó ṣì ń tiro. Kò sọ ọ̀rọ̀ náà sí mi rí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sínú ìtàn. Ní 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní ọ̀nà Àgbádárìgì, Peugeot náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Kaduna. Owó epo rọ̀bì wà nílẹ̀. Olùkọ́ lè ra mọ́tò tuntun. SAP ló ba ìyẹn jẹ́. Ní 1985, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Ní oṣù kẹsàn-án 1986, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida tú náírà sílẹ̀ sí ọjà. Nígbà tó fi máa di 1990, nǹkan bí náírà mẹ́jọ ló ń ra dọ́là kan. Òṣìṣẹ́ tó ń fojú sí tuntun tẹ́lẹ̀ wá yíjú sí àlòkù òkè òkun. Ìgbà yẹn ni orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun di orúkọ mọ́tò: Tòkunbọ̀. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. A ò fẹ́ pè é ní àlòkù. A fún un ní orúkọ ọmọ, orúkọ iyì.

Àwọn mìíràn ní ilẹ̀ yìí ń pè é ní “Belgium”, torí Antwerp ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ wá bi ara yín: ṣebí Yorùbá pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ju Antwerp lọ fíìfíì? Kí ló dé tí Lọ́ńdọ̀nù kò fi di ọjà mọ́tò wa? Ìdáhùn wà nínú ọjọ́ Àjíǹde 1972 yẹn. Sítíárìn Lọ́ńdọ̀nù wà ní ọ̀tún. Ti Japan náà rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àlòkù Japan fi ń ya lọ sí Kenya, Uganda àti Tanzania tí wọ́n ń gba ọwọ́ òsì, tí tiwa sì ń ti Bẹ́ljíọ̀mù, Jámánì àti Amẹ́ríkà bọ̀.

Alímọ̀ṣọ́ náà ní ipa tirẹ̀. Kútọnu ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti ń sọ̀, wọ́n á wá gba Sẹ̀mẹ̀ àti ọ̀nà Àgbádárìgì wọlé, tàbí kí wọ́n gba Ìdí-Irókò àti Sàngó Ọ̀tà. Ẹ wo ibi tí a wà: ọ̀nà tó ti Ìyànà Ìbà gba Ìgàndó, tó sì ń gba Ẹ̀gbẹ́dá yọ sí Ìyànà Ìpájà, ó so ọ̀nà Àgbádárìgì pọ̀ mọ́ ọ̀nà Abẹ́òkúta. Àárín ẹnu ọ̀nà méjèèjì la kọ́lé sí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní mọ́tò kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́, àfi èbúté. Ní oṣù kẹjọ 2019 wọ́n tilẹ̀ ti ààlà pa títí di oṣù kejìlá 2020. Ẹni tó bá gba ọ̀nà igbó, fàyàwọ́ ni, kò sì ní ìwé aṣọ́bodè tí yóò fi gba nọ́ńbà.

Nọ́ńbà yẹn náà ní ìtàn. Ní 1988 ni wọ́n dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Láti àwọn ọdún 1990 ni gbogbo ìpínlẹ̀ ti ń lo nọ́ńbà tí ìrísí rẹ̀ jọra, wọ́n sì tún un yà ní 2011. KTU ni lẹ́tà Alímọ̀ṣọ́, Ìkọ̀tún ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí KTU ní Kano, ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ.

Ìsọmọlórúkọ ni ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò. Mọ́tò ti ní orúkọ kan tí wọ́n fún un lókè òkun, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀. Láti 2022 ni àwọn aṣọ́bodè ti ń tẹ orúkọ yẹn sínú kọ̀ǹpútà láti mọ iye owó ibodè. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn mọ ọkọ̀ bí wọ́n ṣe bí i ni. Kò mọ ohun tí wọ́n ṣe sí i lẹ́yìn náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ àdúgbò mi ti di wàhálà.

Ohun tí mo sọ fún un rèé. Mo ní ẹ́ńjìnnì tí wọ́n pààrọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé kó tó kúrò ní Birmingham, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnì kan á bi í léèrè bóyá ìwé ni àbí irin. Mo ní òfin gíláàsì dúdú ti wà láti 1991, ó sì ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Mo ní òfin ojú pópó wa kò fẹ́ sítíárìn ọ̀tún. Mo ní bí ó bá tilẹ̀ yí sítíárìn, ó kù iná iwájú: ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń tan sí apá òsì, sí ẹ̀gbẹ́ títì tiwọn, níbí, ojú ẹni tó ń bọ̀ ló máa fọ́. Mo wá ní bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ yẹn lọkàn rẹ̀ fẹ́ dandan, kó wá irú rẹ̀ ní Jámánì, níbi tí sítíárìn rẹ̀ ti wà ní òsì láti ìbẹ̀rẹ̀. Sàlẹ́ńsà àti rírọ́ọ̀mù, ara ni wọ́n. Sítíárìn, ọkàn ni.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Prof, wọn ò ní í dá àsansílẹ̀ yẹn padà o. Kí ni mo fẹ́ sọ fún màámi?”

Mi ò ní ìdáhùn tó dáa sí ìyẹn. Mo sọ fún un pé owó tó ti lọ kéré sí èyí tó ṣì kù lọ́wọ́. Mo wá fún un ní àdírẹ́sì àbúrò mi ní Ìkọ̀tún, mo ní kó lọ kí bàbá náà, kó jókòó tì í díẹ̀, kó tó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Títí mo fi ń kọ eléyìí, mi ò tíì gbọ́ bóyá ó lọ.