Rélùwéè Méjì, Ojú Irin Kan

Bí kẹ̀kẹ́ Márúwá méjì bá pàdé ní ọ̀nà tóóró ní ọjà Ìpatà, ọ̀kan á fà sẹ́yìn. Rélùwéè kò lè yà, kò sì lè tètè dúró. Bẹ́ẹ̀, ojú irin kan ṣoṣo ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ láti Èkó, tó dé Ìlọrin ní 1908. Kí ló lè dènà ìkọlù lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀?

Ní oṣù Kẹsàn-án 1874, ní Thorpe nítòsí Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òṣìṣẹ́ ṣi ara wọn gbọ́ lórí wáyà, rélùwéè méjì sì forí sọra. Ó lé ní ogún ènìyàn tó kú. Ní 1878, Edward Tyer ṣe ẹ̀rọ fún ibùdókọ̀ méjì tó tẹ̀ léra, ó fi wáyà iná so wọ́n pọ̀. Bí wọ́n bá ti yọ àwo irin pẹlẹbẹ kan, ẹ̀rọ méjèèjì á tì títí àwo náà á fi padà sínú ọ̀kan nínú wọn. Awakọ̀ tí kò gba àwo kò gbọdọ̀ lọ.

Nínú Transport Tycoon, eré kọ̀ǹpútà tó jáde ní 1994, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ gbàgbé iná adarí. Rélùwéè wa méjì kọlu ara wọn. Nígbà tí a fi iná sí i, eré náà fúnra rẹ̀ ló ń dá èkejì dúró.

Òfin àtijọ́ náà ni kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé: abala kan, rélùwéè kan. Ènìyàn a máa gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí a fi gbé iṣẹ́ ìrántí fún ẹ̀rọ.