Àsíá Ìdílé Ìyá Mi
Glasgow ni wọ́n bí mi sí. Ìjẹ̀bú ni bàbá mi. Ọmọ Cameron, láti òkè Scotland, ni ìyá mi. Lọ́dún tó kọjá, mo ró kilt, mo gbé àsíá àwọn Cameron níbi àjọ̀dún àṣà kan. Bàbá arúgbó kan wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, “Ta ló sọ pé Cameron ni ọ́?” Mi ò rí èsì fọ̀.

Mo délé, mo ṣí ìwé ìtàn. Àwọn Cameron wà lára àwọn tó fìdí rẹmi ní Culloden ní ọjọ́ 16, oṣù Épírìlì, 1746. Ìjọba wá fòfin de irú aṣọ tí mo wọ̀ yẹn: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún ọkùnrin tó bá kọ́kọ́ rú u, bó bá tún un rú, wọn á kó o lọ sókè òkun fún ọdún méje. Ọdún 1782 ni wọ́n tó fagi lé e.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ń wá nìyí: “ọmọ” ni clann túmọ̀ sí lédè Gaelic, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ olórí ìdílé kò bá a tan. Wọ́n ń dáko lórí ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń bá a jagun, wọ́n sì gba orúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo kà á fún bàbá mi, wọ́n rẹ́rìn-ín: “Kí ló wá fi yàtọ̀ sí agboolé wa?”

Lọ́dún yìí, èmi náà ni mo tún gbé àsíá. Bàbá arúgbó yẹn wà níbẹ̀. Mo kí wọn.