Memristor: Ẹ̀rọ Tí Ó Ń Rántí

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ mọ̀ pé kọ̀ǹpútà máa ń jẹ iná. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí ó ń fi iná náà ṣe? Ibi tí ó ń tọ́jú nọ́ńbà sí yàtọ̀ sí ibi tí ó ti ń ṣírò. Ó dà bí obìnrin tí àká rẹ̀ wà lóko, tí ààrò rẹ̀ sì wà nílé: àlọ àti àbọ̀ ni ó ń tán an lágbára. Kọ̀ǹpútà tí a fi ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ kọ́ láti dá àwòrán mọ̀ ni ìrìn yìí pọ̀ fún jù.

Ní ọdún 1971, Leon Chua, olùkọ́ ní Yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé ẹ̀yà iná kan ṣì kù tí a kò tíì rí. Ó pè é ní memristor. Ó ní yóò máa rántí iná tí ó ti gba inú rẹ̀ kọjá. Ní ọdún 2008, Stanley Williams àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ HP kéde pé àwọn ti rí i.

Kí ni èrè rẹ̀? Bí a bá to memristor bí ojú àwọ̀n, ibi tí nọ́ńbà wà náà ni ìṣirò ti ń wáyé. Àká àti ààrò di ọ̀kan, iná sì dínkù.

Ṣùgbọ́n ó ní àbùkù. Méjì wọn kì í rí bákan náà. Òmíràn a máa gbàgbé díẹ̀díẹ̀, òmíràn a há, kò ní yí padà mọ́. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi ń kọ́kọ́ ṣe àfarawé rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà lásán, bí télọ̀ ti ń gé bébà kí ó tó gé aṣọ. Wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ fi àbùkù sí i, wọ́n á wo iye àṣìṣe tí yóò ṣe àti iye iná tí yóò jẹ. Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì James Cook ní Ọsirélíà gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ jáde, MemTorch, fún ẹnikẹ́ni láti lò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ọdún 2020 kan náà, àwọn ará Yunifásítì Tsinghua ní Ṣáínà fi memristor gidi ka nọ́ńbà tí a fi ọwọ́ kọ. Nínú 100, ó mọ ju 96 lọ, nítorí pé wọ́n tún apá kan rẹ̀ kọ́ kí ó lè fara da àbùkù rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ̀rọ tí kò jẹ iná dára, ṣùgbọ́n bí ó bá ń ṣì nọ́ńbà kà, iná tí ó jẹ, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ó ṣòfò ni.