Ẹ́ńjìnnì Ni Ẹlẹ́rìí: Dídá Ẹ̀yà Spitfire Mọ̀ Nínú Fọ́tò Ogun

Bí fọ́tò ọkọ̀ òfurufú ogun bá bọ́ sọ́wọ́ olùwádìí, ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ gbà gbọ́. Èrò mi ni pé ara ọkọ̀ náà gan-an ló yẹ ká bi léèrè. Àmì ara ọkọ̀ pàápàá kò dọ́gba: èyí tó so mọ́ ẹ́ńjìnnì wúwo ju èyí tí mẹkáníìkì lè tètè pààrọ̀ lọ.

Ẹgbẹ́ ajagun òfurufú Nọ́ḿbà 91 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ àpẹẹrẹ tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Oṣù Kìíní ọdún 1941 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Hawkinge, wọ́n sì fi Nàìjíríà kún orúkọ rẹ̀ nítorí owó tí àwọn ènìyàn wa dá fún ogun. Lẹ́tà DL ló wà lára ọkọ̀ wọn, ìbáà jẹ́ ẹ̀yà V, XII, XIV tàbí IX ti ọkọ̀ òfurufú ogun Spitfire. Nítorí náà, DL sọ ẹgbẹ́ tó ni ọkọ̀; kò sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́.

Ẹ̀yà XII, tí wọ́n gbà ní Oṣù Kẹrin ọdún 1943, ni wọ́n sábà máa ń ṣì mú. Ọgọ́rùn-ún (100) péré ni wọ́n ṣe, ẹgbẹ́ 41 àti 91 nìkan ló sì fi jagun. Ẹni tó ń kánjú á ní ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀ tí wọ́n gé ti tó láti dá a mọ̀. Kò tó, torí wọ́n gé ìyẹ́ ọ̀pọ̀ V náà kó lè yára nítòsí ilẹ̀. Ẹlòmíràn á ka ẹ̀ka abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀, á rí mẹ́rin. Mẹ́rin náà ni ti IX. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ wo abẹ́ ìyẹ́. Àpótí méjèèjì tó wà lábẹ́ ìyẹ́ IX dọ́gba, ṣùgbọ́n ti XII rí bíi ti V: rédíétọ̀ ńlá wà lápá ọ̀tún, èyí tó ń mú ọ́ìlì tutù sì wà lápá òsì, ó kéré. Ẹ wá wo imú. Ẹ́ńjìnnì Griffon inú XII tóbi ju Merlin inú V àti IX lọ, ìdí nìyẹn tí ibi gígùn méjì fi wú sókè lórí imú XII. Ibi tí Griffon ń yí sí tún lòdì sí ti Merlin; bí abẹ̀bẹ̀ tilẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, bí wọ́n ṣe lọ́ ẹ̀ka rẹ̀ ń fi èyí hàn. Bí àmì mẹ́ta yìí bá fohùn ṣọ̀kan, XII ni. XIV náà ní Griffon, ṣùgbọ́n ẹ̀ka abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ jẹ́ márùn-ún, àpótí abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ sì dọ́gba.

Àwọn kan á ní nọ́ńbà ara ọkọ̀ ti tó. Òótọ́ ni bó bá hàn ketekete, ṣùgbọ́n àwọn tó ń yẹ fọ́tò wò nígbà ogun máa ń pa nọ́ńbà àti lẹ́tà rẹ́. Fọ́tò tí kò ní lẹ́tà mọ́ sì rọrùn láti tẹ̀ sódì. Bí wọ́n bá tẹ fọ́tò V sódì, rédíétọ̀ á bọ́ sápá òsì, abẹ̀bẹ̀ Merlin á sì jọ ti Griffon. Ilẹ̀kùn kékeré ibi ìjókòó awakọ̀ ló ń tú àṣírí yìí: apá òsì ni Spitfire ní i. Bí a bá rí i lápá ọ̀tún, òdì ni fọ́tò náà wà. Àwọ̀ ni kí a gbára lé kẹ́yìn, torí irú fíìmù kan láyé ìgbà náà máa ń sọ òféèfé di dúdú, á sì sọ búlúù di fífẹ́ẹ́rẹ́.

Mo rọ àwọn tó ń tọ́jú fọ́tò ogun àti àwọn olóòtú ìwé ìtàn pé kí wọ́n máa kọ àmì tí wọ́n rí sábẹ́ àwòrán, kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà nìkan. Níbi tí imú àti abẹ́ ìyẹ́ kò bá hàn, kí wọ́n kọ ọ́ pé Spitfire ni, kí wọ́n sì fi ẹ̀yà rẹ̀ sílẹ̀ láìdárúkọ.