Òkun Kì í Hó Ruru: Ìbẹ̀rù Òòyì Òkun Láàárín Àwọn Yorùbá Tí Ó Kọ́kọ́ Wọ Ọkọ̀ Lọ sí Ìlú Ọba

1. Ìfáárà

Bí àwọn òpìtàn bá ń sọ nípa àwọn Yorùbá tí ó lọ kàwé ní Ìlú Ọba, ohun tí wọ́n máa ń tẹnu mọ́ ni ìwé tí wọ́n kà, oyè tí wọ́n gbà àti ipò tí wọ́n dé lẹ́yìn tí wọ́n padà sílé. Ìrìn àjò náà fúnra rẹ̀ kì í sábà gbà ju gbólóhùn kan lọ: ó wọkọ̀ ní Èkó, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Liverpool. Bẹ́ẹ̀, fún ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ kan inú ọkọ̀ òkun rí, àárín ibi méjèèjì yìí gan-an ni ẹ̀rù wà. Ǹjẹ́ oúnjẹ yóò dúró nínú ẹni? Ǹjẹ́ òòyì kò ní gbé ènìyàn ṣubú lójú àwọn àlejò? Bí ara kò bá gbà á ní ọjọ́ kejì, ta ni yóò dá ọkọ̀ padà?

Àlàyé tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe ni pé ẹ̀rù méjì ni ó wà nínú ẹ̀rù kan yìí. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rù ti ara, ìyẹn òòyì àti èébì. Èkejì ni ẹ̀rù àìpadàbọ̀. Èkejì ni ó ṣe ẹ̀gbọ́n; òun ni ó sì fi agbára fún ti àkọ́kọ́. Ìgbà tí ọkọ̀ òkun di ohun tí ń lọ tí ó sì ń bọ̀ ní ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni òòyì òkun tó di ọ̀ràn ikùn lásán.

2. Ọ̀sà yàtọ̀ sí òkun

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú èrò kan kúrò lọ́nà, ìyẹn ni pé àwọn tí ń gbé ẹ̀bá omi kì í bẹ̀rù omi. Àgbárá, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò àti Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára. Lóde òní, ilé iṣẹ́ ni a fi ń mọ ìlú náà, láti ìgbà tí wọ́n ti dá ọgbà ilé iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ẹ̀wádún 1970. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Àwórì ni, ọ̀sà Ológe kò sì jìnnà sí i. Ọ̀nà tí ó ti Èkó wá, tí ó gba ẹnu Àgbárá kọjá, ni ó ń lọ sí Badagry, níbi tí àwọn Ègùn ti ń pẹja lójú òkun gan-an. Ẹni tí a bí sí agbègbè yìí lè máa fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ láti kékeré, kí ó sì jẹ́ pé kò mọ ohunkóhun nípa agbami.

Èdè Yorùbá ti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Olókun ni ó ni òkun, Ọlọ́sà ni ó ni ọ̀sà. Òwe náà kò da wọ́n pọ̀: òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru, ọ̀sà kì í hó yàyà kí a wà á yàyà. Híhó wọn kò dọ́gba, nítorí náà wíwà wọn kò lè dọ́gba. Ìgbì ọ̀sà kúrú, ojú sì ń rí èbúté nígbà gbogbo. Ìgbì òkun gùn, ó ń gbé ọkọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìsinmi, lọ́sàn-án àti lóru.

Ìdí tí èyí fi ń dá òòyì sílẹ̀ ti hàn sí àwọn onímọ̀ ìṣègùn. Inú etí lọ́hùn-ún ni ẹ̀yà ara tí ń jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé òun dúró tàbí òun ń mì wà. Bí ènìyàn bá jókòó sínú yàrá ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ojú rẹ̀ ń rí ògiri àti ibùsùn tí kò kúrò lójú kan. Ojú ń sọ fún ọpọlọ pé kò sí ohun tí ó ń mì. Etí ń sọ pé irọ́ ni. Àìfohùnṣọ̀kan yìí ni ó ń yọrí sí òógùn tútù, òòyì àti èébì. Ìdí nìyẹn tí ara fi ń tu ẹni tí ó bá gòkè síbi atẹ́gùn, tí ó sì tẹjú mọ́ ibi tí ojú ọ̀run ti bá òkun pàdé. Ìdí nìyẹn pẹ̀lú tí yàrá tí ó wà ní agbedeméjì ọkọ̀ fi sàn ju ti iwájú tàbí ti ẹ̀yìn lọ, nítorí ibẹ̀ ni mímì ti kéré jù. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta bá ti kọjá, ọpọlọ yóò ti mọ ìwà òkun, àìsàn náà yóò sì lọ.

Kì í ṣe ọ̀ràn ojo tàbí akọni. Nelson, ọ̀gágun ojú omi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi yangàn, kò bọ́ lọ́wọ́ òòyì òkun títí ó fi dàgbà nínú iṣẹ́ náà. Charles Darwin wà nínú ọkọ̀ Beagle láti 1831 títí di 1836, òòyì sì bá a jà ní gbogbo ìrìn àjò náà. Nítorí náà, kò sí ìtìjú fún ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí ọmọ Èkìtì tí ó di garawa mú ní ọjọ́ kejì tí ó kúrò ní Èkó.

3. Ẹ̀rù tí ó ṣe ẹ̀gbọ́n

Ẹ̀rí tí ó ṣe kedere jù lọ nípa ẹ̀rù kejì wà nínú ìtàn tí Samuel Àjàyí Crowther fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní 1837. Wọ́n mú un lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ó sì ti ọwọ́ olówó kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn títí ó fi dé etí ọ̀sà Èkó. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ohun tí ó já òun láyà tó omi náà àti èrò pé ayé mìíràn ni wọ́n ń gbé òun lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e wọ inú ọkọ̀. Ńṣe ni wọ́n gbé e sáàárín àwọn àpò àgbàdo. Wọ́n fún un ní àbàlá kí ó jẹ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti gbé e kalẹ̀ ni ó wà, pẹ̀lú àbàlá lọ́wọ́, títí wọ́n fi gúnlẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí.

Ẹ jẹ́ kí a fiyè sí i pé ọ̀sà ni èyí, kò tí ì di òkun. Kì í ṣe ìgbì ni ó gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọdékùnrin náà. Ohun tí ó gbà á ni pé kò sí ẹnikẹ́ni tí ó mọ̀ tí ó lọ sí òdì kejì omi tí ó padà wá ròyìn. Àwọn tí wọ́n kó gba Èkó àti Badagry kọjá kò padà. Ìdí nìyẹn tí omi fi di ọ̀nà ikú lójú àwọn ará òkè.

Ìtàn kan náà ni ó fi hàn bí ẹ̀rù náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ní oṣù kẹrin 1822, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tí wọ́n kó Àjàyí sí, wọ́n sì mú un dé Freetown. Ní 1826 ó lọ sí Ìlú Ọba, ó sì padà. Ní 1841 ó bá ìrìn àjò ojú odò Ọya lọ. Ní 1843 wọ́n fi í joyè àlùfáà ní London, ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ọmọ tí kò lè jẹ àbàlá lórí ọ̀sà di àgbà tí ń wọ ọkọ̀ òkun lọ, tí ó sì ń wọ̀ ọ́ bọ̀. Ní 1839 pẹ̀lú, àwọn tí a dá sílẹ̀ ní Freetown ti ra ọkọ̀ fúnra wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí etíkun wa. Omi tí ó gbé wọn lọ ni ó gbé wọn bọ̀. Láti ìgbà náà ni ẹlẹ́rìí ti wà nílé.

4. Láti ẹnu òkun Èkó dé ọkọ̀ Aureol

Ní 1852 ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Macgregor Laird bẹ̀rẹ̀ sí í kó lẹ́tà àti èrò láàárín Ìlú Ọba àti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Síbẹ̀, iyanrìn tí ó dí ẹnu òkun Èkó kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Ìta ni wọ́n ń dúró sí. Ọkọ̀ kékeré ni ó ń gbé èrò lọ bá wọn láàárín ìgbì tí ń fọ́, a ó sì gbé ènìyàn sínú àga tí a so mọ́ okùn, a ó fà á sókè sínú ọkọ̀ bí ẹni fa korobá láti inú kànga. Ẹni tí ó bá ti la èyí kọjá, ẹ̀rù rẹ̀ ti ju ti òòyì lọ kí ìrìn àjò tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu òkun, ọkọ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní 1914. Ní 1926, èbúté Àpápá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ìgbà náà ni arìnrìn-àjò ti lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun ọkọ̀, kí ìyá rẹ̀ sì máa wò ó láti èbúté.

Ogun àgbáyé kejì dá ẹ̀rù àtijọ́ padà. Àwọn ará Jámánì ri ọkọ̀ Accra àti Apapa ní 1940, wọ́n sì ri Abosso ní 1942. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó jẹ́ ti Elder Dempster, tí ń ná ọ̀nà Èkó sí Liverpool. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ òfin ní London ní 1944, nígbà tí ogun náà ṣì ń jà. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ta ni yóò máa ṣàníyàn nípa èébì?

Lẹ́yìn ogun ni ọ̀ràn náà tó kéré gan-an. Ní 1951 ni ọkọ̀ Aureol, tí ó ju tọ́ọ̀nù 14,000 lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà yìí. Láti Àpápá, ọkọ̀ a máa yà ní Takoradi, Freetown àti Las Palmas kí ó tó dé Liverpool, ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́tàlá. Ètò ọ̀nà yìí ṣàǹfààní fún ẹni tí ń lọ. Ìdajì àkọ́kọ́ wà nínú omi gbígbóná tí kò sábà bínú púpọ̀, ilẹ̀ sì wà láti fẹsẹ̀ tẹ̀ ní èbúté kọ̀ọ̀kan. Kí ọkọ̀ tó dé ẹ̀bá Faransé àti Sípéènì, níbi tí òkun ti ń hó jù, ara ti mọ ìrìn náà. Ẹni tí ń ti Liverpool bọ̀ ni ó ń kọ́kọ́ pàdé èyí tí ó le.

Oògùn pẹ̀lú ti pọ̀ sí i. Ní 1949, àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà méjì, Gay àti Carliner, gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí Dramamine, tí wọ́n ti dán wò lára àwọn ọmọ ogun lórí òkun. Èyí kò sọ ti ilé di asán: ọsàn wẹ́wẹ́, orógbó àti ata ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Yorùbá mọ̀ fún inú rírun lójú ọ̀nà. Nípa ata ilẹ̀, ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn The Lancet gbé jáde ní 1982 sọ pé ó ń dín òòyì kù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìwádìí mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ kò fohùn ṣọ̀kan.

Ṣùgbọ́n oògùn nìkan kọ́ ni ó lé ẹ̀rù lọ. Ní ẹ̀wádún 1950, ẹni tí ń lọ ti mọ ẹni tí ó ti lọ tí ó sì ti dé. Ó ti gbọ́ láti ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ọjọ́ kẹta ni ara ń balẹ̀, pé kí ó má fi ikùn sófo, kí ó má sì kún un ní àkúnjù. Ìmọ̀ràn ti rọ́pò ìdágbére ikú.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ọkọ̀ òfurufú ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ òkun. Aureol fi Liverpool sílẹ̀ fún Southampton ní 1972, ó sì dáwọ́ ìrìn àjò Èkó dúró ní 1974, ní ẹ̀wádún kan náà tí ọgbà ilé iṣẹ́ Àgbárá bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí ń rí i tí ọkọ̀ àjàgbé ń kó ẹrù láti Àgbárá lọ sí èbúté Àpápá lójoojúmọ́ kò ní ẹnìkan nínú ẹbí tí ó lè sọ bí òkun ti ń ṣe ara. Bí irú wọn bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rù wọn yóò dà bí ẹ̀rù tuntun. Kì í ṣe tuntun. Ìmọ̀ tí àwọn bàbá wọn fi ọ̀rúndún kan àti ààbọ̀ kó jọ ni ó já sọnù láàárín ìran kan.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ìtàn ni pé àwọn àgbà tí ó wọ ọkọ̀ wọ̀nyẹn ń dínkù lọ́dọọdún. Bí a bá bi wọ́n léèrè nípa oyè tí wọ́n gbà, ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n léèrè pẹ̀lú nípa ọjọ́ mẹ́tàlá náà: ohun tí wọ́n jẹ, ohun tí wọ́n bì, àti ẹni tí ó sọ fún wọn pé ọjọ́ kẹta ni ara ń balẹ̀. Láti àbàlá tí ọmọ kan kò lè jẹ ní etí ọ̀sà Èkó títí dé oúnjẹ alẹ́ inú Aureol, ìtàn kan ṣoṣo ni. Ìtàn bí àwọn Yorùbá ṣe kọ́ láti lọ, kí wọ́n sì padà bọ̀ ni.